Bí A Ṣe Lè Tọpa Bí Ìlú Ojú Irin Kékeré Kan ní Amẹ́ríkà Ṣe Gbèrú, àti Bó Ṣe Jó Àjórẹ̀yìn

Káàkiri ìgbèríko Amẹ́ríkà ni àwọn ìlú kéékèèké wà tó jẹ́ pé ojú irin ló bí wọn. Kí ojú irin tó dé, pápá tàbí igbó lásán ló wà níbẹ̀. Nígbà tó dé, ilé ìtajà, ilé ìtura, báńkì àti ṣọ́ọ̀ṣì hù jáde láàárín ọdún mélòó kan. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn irú ìlú bẹ́ẹ̀, yálà fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni o tàbí nítorí pé ìdílé rẹ̀ gbé níbẹ̀ rí, sábà máa ń fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀: ìgbà wo ni ọkọ̀ ojú irin kò dúró níbẹ̀ mọ́? Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kọjá títí di òní, wọ́n tilẹ̀ gùn ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ ìlú ti di ahoro. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni pé, iṣẹ́ wo ni ojú irin ń fún àwọn ènìyàn ṣe ní ìlú yìí, kí ló sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn? Orí ìbéèrè yẹn ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

Ìdí tí ìlú náà fi wà níbi tó wà

Ẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ ń jẹ èédú tàbí igi, ó sì ń mu omi púpọ̀. Iná ló ń sọ omi di ooru, ooru náà ló sì ń ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Nítorí pé ooru yìí máa ń fẹ́ jáde sínú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, omi inú ọkọ̀ kì í pẹ́ gbẹ, ọkọ̀ kò sì lè rìn jìnnà láìdúró gba omi. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ojú irin fi gbé àgbá omi ńláńlá ka orí òpó lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n sì kọ́ ilé ìkó-èédú-sí sí àwọn ibi tó túbọ̀ jìnnà síra. Ojú irin fúnra rẹ̀ pẹ̀lú nílò ìtọ́jú. Wọ́n pín in sí ìpín kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju nǹkan bíi máìlì 10 lọ, wọ́n sì fi ọ̀gá kan àti àwọn lébìrà mélòó kan sórí ìpín kọ̀ọ̀kan láti máa pààrọ̀ pákó abẹ́ irin, láti máa de èyí tó bá tú, kí wọ́n sì máa ro ẹ̀bá ọ̀nà.

Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà ní ibi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ kí àwọn mìíràn lè gòkè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bíi máìlì 100 ni wọ́n kà sí iṣẹ́ òòjọ́ kan fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, nítorí náà ni àwọn ìlú tí òṣìṣẹ́ ti ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn fi sábà máa ń jìnnà síra ní ìwọ̀n máìlì 100 sí 150. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló máa ń ní ilé ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì, ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn sí, àti ilé oúnjẹ tí kì í ti ilẹ̀kùn tọ̀sán tòru.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ìlú tí ẹ ń wádìí jẹ́ nínú àwọn wọ̀nyí. Ṣé ibi tí ọkọ̀ ti ń gba omi lásán ni? Ṣé ibi tí àwọn àgbẹ̀ àyíká ti ń kó ọkà àti màlúù wọ ọkọ̀ ni, èyí tí ẹ ó mọ̀ nípa ilé gíga tí wọ́n ń kó ọkà sí àti ọgbà ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin? Ṣé ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni, tàbí ìlú ìwakùsà, tàbí oríta tí ojú irin méjì ti pàdé? Ìlú kan lè jẹ́ méjì pọ̀ nínú wọn. Ìdáhùn yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kú yàtọ̀: ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lè pàdánù ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, bí èyí tó gbára lé àwọn àgbẹ̀ ṣe ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ fún ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀, àti àwọn tó tà á

Ní ọdún 1850, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fi ilẹ̀ ìjọba ta ojú irin Illinois Central lọ́rẹ nípasẹ̀ ìpínlẹ̀ Illinois. Òfin ọdún 1862 ṣe irú rẹ̀ fún ojú irin tó lọ sí etíkun Pacific. Ìpín ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ éékà 640, ìyẹn máìlì kan níbùú àti máìlì kan lóòró. Bí wọ́n bá fún ilé iṣẹ́ ojú irin ní ọ̀kan, wọ́n á fo èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún fún un ní ìkẹta. Ilé iṣẹ́ ojú irin nílò àgbẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, nítorí pé àgbẹ̀ ló máa ní ẹrù láti fi ránṣẹ́. Torí náà, nígbà tí ẹ bá rí ìlú tó kan ojú irin, ẹ má yára gbà pé àwọn ará ìlú ló lọ bẹ ojú irin kó wá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú irin, tàbí àwọn tó bá a ṣòwò, ló pe àwọn ará ìlú.

Láti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ ní county (ìpín ìjọba ìbílẹ̀) tí ìlú náà wà, kí ẹ sì béèrè àwòrán ìpín ilẹ̀ àkọ́kọ́ ti ìlú náà. Ọjọ́ tí wọ́n yà á, orúkọ ẹni tó wọn ilẹ̀ àti orúkọ ẹni tó ni ín máa ń wà lórí rẹ̀. Bí orúkọ onílẹ̀ bá tún jáde nínú àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ojú irin, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ tún wo bí àwọn òpópónà ṣe tò: bóyá igboro ńlá bá ojú irin rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí bóyá ó ta kò ó, tí ibùdókọ̀ sì wà ní orí rẹ̀. Ẹ lè rí ẹni tó kọ́kọ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì General Land Office Records ti Bureau of Land Management, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má wá ilẹ̀ Texas tàbí ti àwọn ìpínlẹ̀ 13 àkọ́kọ́ níbẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ wọn kò sí lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ láti pín.

Àkọsílẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ kún èyí dáadáa. National Archives, ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ pa mọ́ sí, ní ìwé orúkọ àwọn ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ láti 1832 títí di 1971, ó sì tún ní ìjábọ̀ lórí ibi tí ilé ìfìwéránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà láti 1837 sí 1950. Bí ilé ìfìwéránṣẹ́ kan bá yí orúkọ padà tàbí tó kúrò níbi kan sí ibòmíràn ní ọdún tí ojú irin dé gan-an, ó ṣeé ṣe kí ìlú àtijọ́ kan ti wà nítòsí tí ojú irin yẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì kó ẹrù, nígbà mìíràn tí wọ́n tilẹ̀ wọ́ ilé wọn látòkè délẹ̀, lọ síbi tí ibùdókọ̀ wà.

Ìwé ìkànìyàn

Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ ní àyè láti yẹ̀ wò, ìwé ìkànìyàn ni mo máa yàn fún yín. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ka ènìyàn láti 1790. Láti 1850 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ gbogbo olómìnira inú ilé sílẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn ọkùnrin. Láti 1870, lẹ́yìn òpin oko ẹrú, orúkọ gbogbo ènìyàn wọ inú rẹ̀. Ọdún 72 ni wọ́n fi ń pa ìwé náà mọ́ kí wọ́n tó ṣí i sílẹ̀, nítorí náà ti 1950, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ló kẹ́yìn tí ẹ lè kà báyìí.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà lò ó rọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba sùúrù. Fún ìkànìyàn kọ̀ọ̀kan, ẹ ka gbogbo ojú ìwé ìlú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì kọ iye àwọn tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ sílẹ̀, àti iye àwọn tí ojú irin gbà síṣẹ́ nínú wọn. Láti 1910, ẹ ó rí ìlà kan tó sọ irú òwò tí ẹni náà ń ṣe, níbi tí àwọn akọ̀wé ti sábà máa ń kọ "R.R." (railroad, ìyẹn ojú irin) sí. Ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́: "section hand" ni lébìrà ojú irin, "hostler" ni ẹni tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá dúró, "fireman" nínú irú ìlú yìí kì í sì í ṣe panápaná bí kò ṣe ẹni tó ń da èédú sínú iná ọkọ̀. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n bí wọn sí, bóyá wọ́n ní ilé tàbí wọ́n gba yàrá nílé ẹlòmíràn, àti ọjọ́ orí wọn.

Ọjọ́ orí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Iye ará ìlú lè dúró gbọ̀nyín láti 1920 sí 1940, kí ẹ sì rò pé ara ìlú le, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ, àwọn àgbà tó ti ní ilé ló kù, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin sì ti dín kù sí ìdajì. Ìlú bẹ́ẹ̀ ti ń jó àjórẹ̀yìn kí òǹkà àpapọ̀ tó sọ ọ́.

Àlàfo kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Iná tó jó ní oṣù kìíní ọdún 1921 ló ba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwé ìkànìyàn 1890 jẹ́, àwọn ọdún tó wà láàárín 1880 àti 1900 sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ìlú wọ̀nyí dìde, pàápàá ní àárín gbùngbùn àti ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ náà. Kansas, Iowa àti Minnesota ka ènìyàn tiwọn ní 1885 àti 1895, èyí sì lè dí àlàfo náà. Níbi tí kò bá ti sí irú rẹ̀, ẹ lo ìwé owó orí ti county.

Àwòrán ilẹ̀, tábìlì àkókò ọkọ̀ àti ìwé ìròyìn

Láti 1867 ni ilé iṣẹ́ Sanborn ti ń ya àwòrán àwọn ìlú fún àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò kí wọ́n lè mọ ewu iná. Ilé kọ̀ọ̀kan ló wà lórí rẹ̀: àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú fún bíríkì, àwọ̀ ìyeyè fún pákó, àwọ̀ aró fún òkúta. Library of Congress ti gbé púpọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ to àwòrán ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ó rí ilé pákó tó di bíríkì, ilé ìtura tó fẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà, ilé tí wọ́n kọ "vacant" sí lára. Ìlú tó kéré jù kì í sí nínú wọn. Fún irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ lo àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ ti U.S. Geological Survey, àti àwòrán tí ilé iṣẹ́ ojú irin ní láti yà lẹ́yìn tí òfin ọdún 1913 ní kí ìjọba díwọ̀n iye tí gbogbo dúkìá ojú irin tó. Àwòrán tí òfin 1913 yìí mú wá dára púpọ̀, torí pé àgbá omi, ọgbà ẹran àti ilé lébìrà kò fara pa mọ́ lórí rẹ̀.

Nínú tábìlì àkókò ọkọ̀, ẹ má kàn ka iye ọkọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí lẹ́tà "f" kékeré fara hàn níwájú orúkọ ìlú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkọ̀ kò ní dúró níbẹ̀ mọ́ àyàfi bí èrò bá fi àmì pè é tàbí tí ẹnì kan inú ọkọ̀ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ní tèmi, ọjọ́ yẹn wúlò fún òpìtàn ju ọjọ́ tí ọkọ̀ èrò ìkẹyìn kọjá lọ, nítorí pé ó sọ ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ pinnu pé ìlú náà kò tó ohun tí à ń dúró fún.

Ẹ lè ka ìwé ìròyìn àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àkójọ Chronicling America. Ẹ kàn rántí pé olóòtú ìwé ìròyìn ìlú kékeré sábà máa ń ní ilẹ̀ láti tà. Ìròyìn pé ojú irin kejì ń bọ̀ lọ́nà pọ̀ ju ojú irin tó dé lọ.

Títo àwọn ohun tó fa ìjórẹ̀yìn

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Ọ̀pọ̀ ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ìlú ń ṣe fún àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru òpópónà márosẹ̀ tí òfin ọdún 1956 dá sílẹ̀. Ẹ má gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fa ìlà gígùn kan sórí ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí nínú àkọsílẹ̀ ìlú yín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ti orílẹ̀-èdè sókè.

Lókè, ẹ fi 1896 sí i, nígbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà lọ bá àgbẹ̀ ní ilé rẹ̀ lóko, àti 1913, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, ẹni tó wà lóko lè ra ọjà láti ìlú ńlá láìwọ ilé ìtajà ìlú rẹ̀. Ní 1916 ni ojú irin Amẹ́ríkà gùn jù lọ, nǹkan bíi máìlì 254,000. Láti ibẹ̀ ló ti ń dín kù. Mọ́tò àti títì tó dára tẹ̀ lé e, àgbẹ̀ sì lè fo ìlú kékeré kọjá lọ sí èyí tó tóbi jù ú lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì dé. Láàárín ọdún 1940 sí 1960 ló gba ipò ẹ́ńjìnnì èédú pátápátá lórí àwọn ojú irin ńlá. Kò nílò àgbá omi lẹ́bàá ọ̀nà, kò nílò ilé èédú, ó ń rìn jìnnà kó tó nílò àtúnṣe, òṣìṣẹ́ kan náà sì lè darí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀. Ní àkókò kan náà, ẹ̀rọ jẹ́ kí ẹnì kan tó jókòó sí ibi tó jìnnà máa darí iná àmì gbogbo ọ̀nà, tí akọ̀wé tó ń fi wáyà gba iṣẹ́ tó sì ń fi ránṣẹ́ nínú ibùdókọ̀ kékeré kò sì ní iṣẹ́ mọ́. Fún ìlú omi, ìlú èédú àti ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, èyí ni ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ jù. Òpópónà 1956 kan wá bá ìlú tí iṣẹ́ ti tán nínú rẹ̀ ni.

Òfin ọdún 1958 mú kó rọrùn láti dá ọkọ̀ èrò dúró. Ní 1967 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ gba ọ̀pọ̀ lẹ́tà kúrò nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1971, Amtrak, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, gba ọkọ̀ èrò, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀nà sílẹ̀. Òfin Staggers ti 1980 sì mú kó yá láti pa ojú irin tí kò mówó wọlé tì.

Thurmond ní West Virginia jẹ́ ìlú tó yẹ kí ẹ fi kọ́ bí a ṣe ń to irú ọjọ́ wọ̀nyí. Ojú irin Chesapeake and Ohio la àfonífojì New River já ní 1873, ní ọdún kan náà tí William Dabney Thurmond gba éékà 73 níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ tó ṣe. Èédú ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Ilẹ̀ dínkù tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi ní igboro. Ojú irin ni àwọn ilé ìtajà kọjú sí. National Park Service, àjọ tó ń bójú tó ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè, sọ pé nígbà tí ó dára fún ìlú náà, ọkọ̀ èrò 15 ló ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́, àwọn èrò tó ń lo ibùdókọ̀ rẹ̀ sì tó 95,000 lọ́dún. Wọ́n ṣí ilé ìtura Dun Glen ní 1901, ó jóná ní 1930. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fi iná yẹn parí ìtàn. Ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ló mú kí wọ́n má nílò rẹ̀ mọ́ ní àwọn ọdún 1950. Ènìyàn 5 ni ìkànìyàn 2020 bá níbẹ̀. Ọkọ̀ èédú ṣì ń kọjá, ọkọ̀ Amtrak tó ń jẹ́ Cardinal náà ṣì lè dúró bí èrò bá wà.

Nígbà mìíràn, ojú irin fúnra rẹ̀ ló yí ọ̀nà padà. Ní Promontory, ní Utah, ni wọ́n ti so ojú irin ìlà oòrùn àti ti ìwọ̀ oòrùn pọ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù karùn-ún, ọdún 1869. Ní 1904, wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun tó gba orí adágún Great Salt Lake kọjá, wọ́n sì yẹ Promontory sílẹ̀; ní 1942, nígbà ogun, wọ́n hú irin rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ máa bi ara yín léèrè bóyá ọ̀nà àbùjá kan ti wáyé nítòsí ìlú yín.

Láti 1920, ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ pa ojú irin tì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ Interstate Commerce Commission, àjọ tí wọ́n fòpin sí ní òpin 1995, tí Surface Transportation Board sì gba ipò rẹ̀. Ẹ wá ìwé ẹjọ́ náà. Iye ẹrù, iye àdánù àti ohùn àwọn ará ìlú tó ta kò ó máa ń wà nínú rẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tí ẹ ó ti gbọ́ ilé iṣẹ́ àti ìlú tí wọ́n ń jiyàn lójúkojú bẹ́ẹ̀.

Lórí ilẹ̀ àti lẹ́nu àwọn ènìyàn

Bí ẹ bá lè dé ibẹ̀, ẹ wá ìpìlẹ̀ kọnkéré àgbá omi, òkìtì ilẹ̀ gígùn tó tẹ́jú, eérú èédú dúdú nínú iyẹ̀pẹ̀, àti ilé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wọ́ nítorí pé ojú irin yí gba ibẹ̀. Òfin ọdún 1983 jẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ̀nà ojú irin tó dákẹ́ di ọ̀nà ìrìnsẹ̀. Katy Trail ní Missouri, tó gùn tó nǹkan bíi máìlì 240, jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn. Ṣùgbọ́n ojú irin tí ọkọ̀ ṣì ń gbà jẹ́ ohun ìní oníṣẹ́, ó sì lè pa ènìyàn. Ibi tí títì gbogbogbòò ti dá a kọjá nìkan ni kí ẹ ti máa wò ó.

Nígbà tí ẹ bá ń fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò, ẹ béèrè ohun kéékèèké. Ta ló máa ń kan ilẹ̀kùn láti jí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lóru? Ilé ìtajà wo ló kọ́kọ́ tì? Ìlú wo ni àwọn aládùúgbò tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kó lọ? Ẹ sì béèrè nípa àwọn tí ìwé àjọ̀dún kì í dárúkọ: àwọn lébìrà dúdú, àwọn ará Mẹ́síkò tí wọ́n gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú ọkọ̀ ẹrù àtijọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, àwọn ará Ṣáínà ní ìwọ̀ oòrùn. Ìwé ìkànìyàn ní orúkọ púpọ̀ nínú wọn. Fún àwọn tó ṣiṣẹ́ láti 1936 síwájú, fáìlì owó ìfẹ̀yìntì wọn lè wà ní National Archives tó wà ní Atlanta.

Bí ẹ bá ń kọ ọ́ jáde, ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n ta kora. Ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ohun tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́, nítorí pé ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ gba àṣẹ láti pa ọ̀nà tì kì í sábà jẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ ìkẹyìn rìn, ọjọ́ tí wọ́n hú irin kúrò sì lè fi ọdún púpọ̀ jìnnà sí méjèèjì.